Ṣọ́ọ̀bù Leventis Kú, Oko Leventis Ń Hù

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín kalẹ̀ ná, ẹ̀yin ìyàwó. Ẹ̀rọ omi kò níbi tó ń lọ, iná kò sì tíì dé tí yóò fi fa omi. Ọ̀rọ̀ olówó ló wù mí í sọ lónìí, ẹ sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ olówó bá ti délẹ̀ nínú àgbàlá yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Kì í ṣe olówó yàrá òkè yẹn o, èyí tó ra mọ́tò tán tí kò rówó epo, tó wá sọ ọ́ di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Ẹ jẹ́ á fi tiẹ̀ sílẹ̀ di alẹ́. Olówó tí mò ń wí, Leventis ni.

Mo rí i tí ẹ̀yin ọmọdé ń wo ara yín lójú. Ẹ ò mọ Leventis. Shoprite lẹ mọ̀, ibi tí ẹ ti ń lọ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́rọ́lì tí ẹ ò ní ra nǹkan kan sí. Ọdún 2005 ni Shoprite dé Èkó, ní Lẹ́kí. Kó tó dé rárá, àwọn òbí yín ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tí wọ́n lẹ iye owó mọ́ ọjà lára, tí kò sẹ́ni tó ń fa ẹnikẹ́ni láṣọ pé "kọ́sítọ́mà mi, ẹ wá." Kingsway ni ti UAC, Márínà ni wọ́n ṣí i sí ní 1948. UTC ni ti àwọn ará Switzerland. Chellarams ni ti àwọn ará Íńdíà. Leventis ni ti Leventis.

Ìyá Alákàrà ní, "Ṣebí Kòráà ni wọ́n?" Mo ní rárá o, màmá mi. Àwọn àgbà wa ló ń pe gbogbo òyìnbó tí irun orí rẹ̀ bá dúdú, tó bá sì ń tajà, ní Kòráà. Àwọn ará Lẹ́bánónì ló lorúkọ. Giríìkì ni Leventis, láti erékùṣù Cyprus, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní Kípírù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sùn nígbà ìwàásù, ẹ rántí Bánábà inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì: ará Kípírù ni, ọmọ Léfì, òun ló ta ilẹ̀ rẹ̀ tó kó owó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn àpọ́sítélì. Ìyá Alákàrà ní àṣé ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Leventis nìyẹn, pé ọmọ Léfì ni. Mo ní ẹ fi Bíbélì sílẹ̀, ẹ yí àkàrà yín padà, ó ń jóná.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Anastasios George Leventis. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Petra. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí, lọ́dọ̀ G.B. Ollivant, ní Gold Coast tó di Gáná. Nígbà tó di 1937, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá wo ojú inú ọkùnrin náà. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá ìgbà yẹn ní ẹgbẹ́ kan, AWAM, tí wọ́n fi ń pín ọjà tó ń wọlé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí àlejò má baà rọ́nà wọlé. Leventis kò bá wọn mulẹ̀. Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú rí i pé òyìnbó yìí kò sí nínú àjọmu wọn, ni wọ́n bá ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òun àti Nkrumah, olórí Gáná, tún mọwọ́ ara wọn. Nígbà tí Nkrumah fẹ́ kí ìjọba Gáná ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Leventis ló rà, òun ló sọ di GNTC ní 1961. Ẹ wo ẹni tó ta ọjà títí tó fi ta ṣọ́ọ̀bù fún ìjọba! Èmi mọ ọkùnrin kan ní Bádíà tó ta ilẹ̀ fún ìjọba, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ló ń retí owó rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n dárúkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ojúlé kejì.

Lánlọ́ọ̀dù tó ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé, bó ṣe máa ń ṣe tó bá kù díẹ̀ kí owó ilé pé, ní, "Ṣé Leventis tó ni Kóòkì?" Òun náà ni, bàbá. Àwọn ló dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀ ní 1951. Nígbà tó di 1953, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Kóòkì sínú ìgò. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Ìsàlẹ̀ ilé Mainland Hotel tí wọ́n kọ́, lẹ́bàá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà níbẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, ibi tí ẹlòmíràn máa ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí, ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí gbogbo Nàìjíríà yóò máa fi gbé àsáró wálẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìddó ni ọ́fíìsì wọn wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ lè pariwo kí wọ́n gbọ́ yín láti ìhín. Ìdérí ìgò náà ni àwọn bàbá wa fi ń ta dùráfù lábẹ́ igi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fún Ìyá Alákàrà ní Kòráà tó ń wá. Ta ló ni Seven-Up tí a fi ń júwe ilé wa fún àlejò? Ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé "Ìjọrà Seven-Up," kò ní bi yín léèrè mọ́. Ìdílé El-Khalil ni. Ọdún 1926 ni Mohammed El-Khalil ti Lẹ́bánónì wá, iṣẹ́ mọ́tò ló fi là, kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́ sí Ìjọrà. Ọjọ́ tí ìgò Seven-Up àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ni ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an. Wọ́n ń fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì wálẹ̀ ní Erékùṣù, wọ́n ń ṣí ìgò ní Ìjọrà. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọjọ́ orí Nàìjíríà lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó lọ wo ìgò.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbọ́, ṣọ́ọ̀bù yẹn dẹ́rù ba àwọn ìyá wa. Kì í ṣe owó ló bà wọ́n lẹ́rù, àìnájà ni. Obìnrin tó gbọ́n ní Ọ̀yìngbò, tí ẹ bá pe ẹja ní náírà márùn-ún, yóò pè é ní méjì, yóò ṣe bí ẹni ń lọ, yóò padà, yóò béèrè ìyá ẹni tó ń tà á, yóò bá a dárò ọkọ tó kú, yóò wá san mẹ́ta. Eré ni, oúnjẹ ni, ìbátan ni. Ẹ wá gbé obìnrin yẹn wọ Leventis. Wọ́n ti kọ iye owó sára agolo mílíìkì. Ta ni yóò bá sọ̀rọ̀? Agolo? Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí owó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó kun ètè, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé owó ń tán lórí rẹ̀. Aǹtí mi kan tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ayé ìgbà yẹn, kò pé ọdún tí wọ́n gbà á síṣẹ́ tí akọ̀wé báńkì wá tọrọ rẹ̀. Ìyá àgbà wa ní iṣẹ́ yẹn ni akọ̀wé náà ń fẹ́, kì í ṣe ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dá ìjà sílẹ̀ níbi ìyàwó, mo lè sọ ọ́ tán tí ẹ bá fún mi lókele kan nínú ẹ̀bà yẹn.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ṣe àjèjì sí. Lọ́ńdọ̀nù náà, ìdílé kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Sainsbury, oníṣọ́ọ̀bù oúnjẹ láti ìran dé ìran. Alan Sainsbury lọ sí Amẹ́ríkà ní 1949, ó rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn mú ọjà láti orí pẹpẹ. Ó padà délé, ó ṣí irú rẹ̀ sí Croydon ní 1950. Wọ́n ní obìnrin kan bínú, ó ju apẹ̀rẹ̀ lù ú, pé ṣé òun ni kó máa sin ara òun ni? Ẹ gbọ́ nǹkan! Lónìí, àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham ló ń kó bàbà àti ìrẹsì láti orí pẹpẹ wọnnì, wọn ò ju apẹ̀rẹ̀ lu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn Sainsbury wá lówó tán, wọ́n kọ́ apá ilé kan mọ́ ibi ìkó-àwòrán-sí ńlá ìjọba wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ṣí i ní 1991. Àwòrán! Mi ò ní kó má dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn, torí mo ń bọ̀ wá fi í wé nǹkan kan.

Kérésìmesì ló wá borí ẹ̀rù àwọn ìyá wa. Àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn máa ń gbé Bàbá Kérésì jókòó sínú ilé òwú, wọ́n á máa fún ọmọdé lẹ́bùn. Ọmọ wo ló máa gbọ́ pé òun kò ní lọ? Wọ́n á wẹ̀ fún wa, wọ́n á fi ìpara tó ń dán sí wa lójú, a ó kọjá Bíríìjì Carter, ó di Márínà. Ọmọ tó jókòó sórí ẹsẹ̀ Bàbá Kérésì á máa wo irùngbọ̀n òwú, á sì rí ọwọ́ dúdú tó jáde nínú aṣọ pupa. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ẹ̀bùn la wá gbà.

Ẹ tún gbọ́ èyí o, kí n tó gbàgbé: gbogbo fíríìjì tó wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn, Ìjọrà ló ń fún wọn níná. Ọdún 1923 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ mànàmáná níbí. Èmi tí mo ń ta Títùsì àti kótè láti kóòdù rúùmù, mo mọ ohun tí mò ń sọ nípa yìnyín. Bí iná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, ẹja á kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Àdúgbò tó ń fún gbogbo Èkó níná ni èyí, òun náà ló wá di ibi tí a ti ń ra epo jẹnẹrétọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n wọ inú ọ̀rọ̀ yẹn, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun tó pa ṣọ́ọ̀bù Leventis kì í ṣe oògùn. Owó epo rọ̀bì ló gbé e sókè, òun náà ló jẹ́ kó ṣubú. Òfin 1972 àti ti 1977 ti ní kí ọmọ ilẹ̀ yìí ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ àjèjì, àwọn bàbá tó gbọ́n sì ra ṣíà, wọ́n ń fi ìwé rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tó di 1982, Ṣàgárì ní ká fún ìgbànú mọ́ra. Ọjà òkèèrè kò wọlé mọ́ bó ṣe ń wọlé. Wá wo ẹsẹ́ńkò nígbà náà: mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ Omo, gbogbo rẹ̀ di ohun tí a ń tò sí ìlà fún. Ṣọ́jà dé ní ìparí 1983, wọ́n ń já kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ ní 1984, wọ́n ń ta ọjà ọlọ́jà ní iye tó wù wọ́n. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Oṣù Kẹsàn-án 1986 ni Babangida gbé náírà lọ sọ́jà, kò sì tíì padà délé. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ohun òkèèrè ló ń tà, kí ni yóò tà? Kingsway lọ. Leventis lọ. Ohun tó kù fún àwọn ọmọdé láti mọ̀ ni búrẹ́dì Val-U, àti ilé gíga tó wà ní Márínà.

Ìyá Alákàrà ní tán? Ó ti kú? Mo ní ẹ dúró. Ṣọ́ọ̀bù ló kú.

Leventis àgbà fúnra rẹ̀ ti kú ṣáájú, ní 1978. Kó tó kú, wọ́n ti sọ ọ́ di aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní UNESCO. Ẹ wo olówó tó mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí! Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ àánú, wọ́n sì dá Àjọ Leventis sílẹ̀ ní 1979. Ẹ mọ bí ìwé ìhágún ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa: kó tó di ọjọ́ kẹjọ, ọmọ ìyàwó àgbà ti lu ọmọ ìyàwó kékeré, lọ́yà ti ra mọ́tò. Àwọn wọ̀nyí kò jà. Ọmọ ẹbí rẹ̀ kan, Constantine Leventis, tí wọ́n ń pè ní Dino, ló di olórí. Ọdún 1938 ni wọ́n bí i, Cambridge ló ti kàwé, ó sì mọ Nàìjíríà bí ẹni mọ ilé. Ọkùnrin yẹn lè kó gbogbo owó náà lọ sí ilé àwòrán bíi ti Sainsbury. Kí n má parọ́, àjọ náà ṣe ti àwòrán àti ti ilé ìkó-nǹkan-àtijọ́-sí ní Cyprus, púpọ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n fún àwa, oko ló dá.

Ọdún 1987, ọdún kejì tí SAP, ètò ọrọ̀-ajé Babangida, dé, tí gbogbo èèyàn ń sá kúrò lóko wá sí Èkó láti wá bá wa pín yàrá, ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ sí Ìmọ̀ ní Iléṣà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni Iléṣà nígbà náà, wọn kò tíì dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ìjọba fún wọn nílẹ̀, àwọn Leventis fi owó àti ọgbọ́n sí i. Ọ̀dọ́ tó bá wọlé yóò gbé ibẹ̀ fún ọdún kan. Kì í ṣe ìwé nìkan: ọ̀dọ́ yóò gbin ẹ̀gẹ́, yóò sin ẹja, yóò sin adìyẹ, yóò sin ehoro, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó oyin láìjẹ́ kí oyin ta òun. Tó bá parí, wọ́n á rán an padà sí ìlú rẹ̀ kó lọ dá oko tirẹ̀. Láti Iléṣà ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ lọ sí Dogon Dawa ní Kàdúná, sí Panda ní Kánò, sí àgbègbè Agenebode ní Ẹdó, wọ́n sì gbé òmíràn dé àgbègbè Àbújá.

Ẹ̀yin rí i bí? Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ohun òkèèrè ló ń tà nígbà tí náírà lágbára, àwọn tó ni ín ló wá dá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń gbin ohun tí a ó jẹ nígbà tí náírà kú. Lánlọ́ọ̀dù ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà wọ́n láàmú, pé owó wa ni wọ́n ń dá padà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè, ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó wa ńkọ́, bàbá, ẹ̀rí ọkàn ò dà yín láàmú rí kí ẹ tún òrùlé ṣe? Ó ti fèrèsé.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọmọ ẹbí kejì, A.P. Leventis, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tasso. Ẹyẹ ló fẹ́ràn. Ẹyẹ! Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwádìí ẹyẹ kan ní Laminga lẹ́bàá Jos, wọ́n ṣe é pẹ̀lú Yunifásítì Jos. Ibẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń gba dìgírì kejì lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti igbó. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọmọ wa bá wá bá a pé ẹyẹ lòun fẹ́ kà ní yunifásítì, babaláwo ló máa kọ́kọ́ lọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: láti ìgbà tí wọ́n ti da iyanrìn sí gbogbo ẹrẹ̀ tó yí Ìjọrà ká, mélòó nínú yín ló gbọ́ ohùn ẹyẹ omi láàárọ̀? Bọ́ọ̀sì ló ń jí wa. Bí Alhaji S.L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, kò bá dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó sílẹ̀ ní 1980, ọ̀bọ tó wà ní Lẹ́kí ì bá ti di ìtàn, ilé olówó ni ì bá wà níbẹ̀. Nítorí náà, mi ò fi olówó ẹyẹ rẹ́rìn-ín mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ péré.

Dino kú ní 2002. Kóòkì ti bọ́ sínú àpapọ̀ ńlá kan ní Yúróòpù, Seven-Up ti yí padà. Ilé-ẹ̀kọ́ Iléṣà ṣì wà, ó ń gba ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí ìdílé yẹn ṣe nílẹ̀ yìí, Kóòkì, mọ́tò, búrẹ́dì, ṣọ́ọ̀bù tó tutù bí kóòdù rúùmù, èmi ò rí èyí tó dà bíi rẹ̀, ẹni tó bá sì ní ohun mìíràn láti sọ, kó dúró kí n kọ́kọ́ ta ẹja mi tán.

Ṣùgbọ́n ìwọ, ìyá tó wà ní yàrá kẹrin, má fi kẹ́ẹ̀gì bojú. Ọmọ rẹ ọkùnrin tó ń sùn di agogo mọ́kànlá, tó ń sọ pé Dubai lòun ń lọ, tó tún jẹ ẹran inú ọbẹ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, ní kó dìde. Ní kó wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, kó béèrè ìgbà tí wọ́n máa ta fọ́ọ̀mù. Tó bá sin ẹja tó ta á, kó wá san gbèsè ẹran mi.